Orúnkún ni yóò gbé ẹran sọ̀kalẹ̀: bí a ṣe ń múra ara sílẹ̀ fún ọdẹ elk lórí òkè Colorado

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òkè, òtútù sì ti ń ta mí létí. Abo elk kan, ẹran ìgbẹ́ ńlá tó jọ ìgalà, wà nílẹ̀ níwájú mi nínú koríko gbígbẹ, níbi tó ga tó mítà 3,100. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń rìn. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Kí n tó kó gbogbo ẹran náà dé ìdí ọkọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ó tún ti ṣú, orúnkún ọ̀tún mi sì ti wú débi pé n kò lè ká a mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè sọ àtẹ̀gùn ilé mi láìdi nǹkan mú.

Ọdẹ ni bàbá mi ní agbègbè Òkè-Ògùn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìgalà kọ́ èjìká wálé ní òwúrọ̀ kùtù. Ṣùgbọ́n elk kì í ṣe ẹran tí ẹnìkan ń gbé kọ́ èjìká, òkè Rocky tó gba ìpínlẹ̀ Colorado kọjá ní Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe igbó ẹ̀yìn ilé. Fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń gbé Amẹ́ríkà, tí ọdẹ wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀, tó sì fẹ́ lọ bá ẹran yìí lórí òkè, ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbẹ̀ kò pọ̀: gbogbo ènìyàn ló ń múra fún gígun òkè, bẹ́ẹ̀ sísọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ló ń ba orúnkún jẹ́. Sísọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ múra fún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé

Akọ elk tó dàgbà lórí òkè Rocky máa ń wọn nǹkan bíi 320 kìlò, abo a máa tó 225. Bí ẹ bá yọ awọ, ìfun, orí àti egungun kúrò, ẹran tó kù lára akọ ńlá lè tó 90 kìlò. Itan ẹ̀yìn kan péré, tòun ti egungun, lè tó 25 kìlò tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Colorado kò sì gbà kí ẹ mú ibi tó wù yín kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹyẹ. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ kó ẹran apá méjèèjì, itan méjèèjì, àti ẹran gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tòde tinú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹran ṣubú ní kìlómítà mẹ́ta sí ibi tí ọkọ̀ wà, tí ẹ sì pín in sí ẹrù mẹ́rin. Ẹ ó gbé ẹrù wá lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ó padà lọ mú òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrìn méje nìyẹn, kìlómítà 21, lẹ́yìn tí ẹ ti fi gbogbo àárọ̀ rìn. Orí òkúta àti igi tó wó ni ẹ ó sì ti rìn ín, níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í rí ojú pẹlẹbẹ tẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, iṣan iwájú itan ń sún kì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, iṣan yìí kan náà ń nà lábẹ́ ẹrù, iṣẹ́ bíréèkì ló ń ṣe. Iṣẹ́ bíréèkì yìí ló ń ya àwọn fọ́nrán inú iṣan díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń dé lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí kì í dé lójú ẹsẹ̀. Bí iṣan bá wá rẹ̀ tán, kò ní lè dá ìwúwo dúró mọ́. Egungun pẹlẹbẹ iwájú orúnkún àti kerekere tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò máa gba gbogbo ìkọlù náà. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé iṣan tètè ń kọ́ iṣẹ́ bíréèkì. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìwọ̀nba, ìrora ti ẹ̀ẹ̀kẹrin kì í tó ti àkọ́kọ́ mọ́, àǹfààní yìí sì ń bá ara gbé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ti kerekere yàtọ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìgbà tí a bá sì ń rìn, tí à ń tẹ oríkèé tí à ń tú u sílẹ̀, ni omi náà ń wọlé tó ń jáde bí kànrìnkàn tí a ń fún. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ ń febi pa kerekere rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ tọ́jú orúnkún yín, kí ẹ má rìn, ìdajì òótọ́ ló sọ.

Ti ìwúwo ara tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn fi hàn pé kìlò kan tí ènìyàn bá dín kù lára ń gbé nǹkan bíi kìlò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí n tó padà sórí òkè, mo dín kìlò mẹ́jọ kù. Kò sí bàtà tàbí oògùn tí mo rà tó ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: dókítà, àti genotype yín

Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí bí àyà bá máa ń dì yín mú bí ẹ bá ń yára rìn, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Ẹ ṣàlàyé fún un gan-an: ibi gíga, òtútù, ẹrù tó wúwo, ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ẹ mú orúkọ oògùn yín dání, torí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń lé omi kúrò lára, òkè gíga náà sì ń gbẹ omi lára ènìyàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí genotype, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ju ọ̀pọ̀ ọdẹ tí ẹ ó bá pàdé níbẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Nílé, ìgbà tí a bá fẹ́ ṣègbéyàwó nìkan la máa ń rántí rẹ̀. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì fi ń lo ayé wọn láìní wàhálà kankan. Àmọ́ bí ènìyàn bá wà níbi tó ga, tí oxygen kéré, tí omi ti tán lára rẹ̀, tó sì ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè yí padà bíi ti SS, kó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọlọ inú. Àmì rẹ̀ ni ìrora gbígbóná ní apá òsì lókè ikùn, lábẹ́ egungun ìhà, nígbà mìíràn pẹ̀lú èébì. Iṣan ara náà lè dákú lójijì, kí ẹsẹ̀ má gbé ènìyàn mọ́. Bí irú èyí bá mú yín, ẹ fi ẹran sílẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ ni pé AS ni yín, torí ó lè má wá sí ọkàn dókítà tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣọdẹ náà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tó bá jẹ́ SS, mo fi ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́ sọ ọ́: ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa tó lọ gbé ẹran wá bá yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ oríkèé yín wò nílé

Obìnrin tó tọ́jú orúnkún mi lẹ́yìn ìpalára yẹn, fisiotẹ́rápì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n dúró lórí àpótí kan tó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà níwájú dígí, kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró, kí n sì rọra sọ gìgísẹ̀ òsì kalẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ ni orúnkún ọ̀tún ń yà wọnú, tó ń lọ bá èkejì bíi pé ó fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìdí mi. Ó ní: “Ibí yìí ló sùn. Orúnkún ń jìyà iṣẹ́ tí ìdí kò ṣe.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orúnkún wà láàárín ọ̀gá méjì, ìbàdí lókè, ọrùn-ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ ṣe ìdánwò àpótí yìí. Ẹ wo orúnkún: ó yẹ kó wà lọ́gbọọgba lókè ìka kejì ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ di ọwọ́ mọ́ àyà, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Fún ọrùn-ẹsẹ̀, ẹ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ògiri, kí ẹ wá ti orúnkún síwájú kó fi kan ògiri láìjẹ́ pé gìgísẹ̀ gbéra. Bí kò bá kàn án, ọrùn-ẹsẹ̀ yín ti le jù, yóò sì mú kí orúnkún máa wá ọ̀nà mìíràn gbà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Ẹ kọ èsì ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì bá jìnnà síra, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún iṣan lágbára ná, kí ẹ tó fún un lẹ́rù

Oṣù kẹsàn-án ni àwọn tó ń fi ọfà ṣọdẹ elk ń jáde ní Colorado, àwọn oníbọn ń jáde ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá. Oṣù kẹta ọdún ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jìnnà létí. Àwọn ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè gbọ́ràn, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó ti rí ìyàtọ̀. Iṣan ẹran ń gbà tó oṣù méjì. Ṣùgbọ́n àwọn okùn tó so ẹran mọ́ egungun, àti èyí tó so egungun mọ́ egungun, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń fẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn kò pọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ yóò rò pé òun ti lágbára torí kò mí gúlegúle mọ́, okùn orúnkún rẹ̀ kò sì tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àgbà ti sọ ọ́, okùn orúnkún sì ni ibi tí mo ti fojú ara mi rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ẹ ṣe àwọn eré ìdárayá tó wà nísàlẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi kan wà láàárín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni ìsọ̀kalẹ̀ orí àpótí tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ka “oókan, eéjì, ẹẹ́ta” bí ẹ ṣe ń sọ̀, kí gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin, kí ẹ sì padà sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpele mẹ́ta. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ gbé àpótí sókè sí 20, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà ẹ gbé irin kìlò márùn-ún sọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí orúnkún má yà wọnú. Bó bá ń yà, ẹ dín gíga rẹ̀ kù, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹni tí okùn iwájú orúnkún rẹ̀ ti ń dùn, kó fi ìjókòó ògiri bẹ̀rẹ̀: ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ sọ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àga, kí ẹ dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 45, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tún ṣe é, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó máa ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń fún okùn náà níṣẹ́ láìbà á jẹ́.

Fún ìdí, ẹ fi rọ́bà fífà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká lókè orúnkún, kí ẹ tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fẹ̀gbẹ́ rìn, ìṣísẹ̀ 15 lọ, 15 bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìdí yóò máa gbóná bí iná, ibi tí a fẹ́ kó gbóná náà nìyẹn. Fún ẹ̀yìn, ẹ kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ láti ìbàdí láìtẹ ẹ̀yìn, bí ẹni tó fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ gbé irin nílẹ̀ lọ́nà yìí, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ó ṣe gbé báàgì ẹran náà nìyẹn. Fún ọrùn-ẹsẹ̀, ẹ dúró létí àtẹ̀gùn, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ẹ rọra sọ ọ́ kọjá etí àtẹ̀gùn, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ṣe é pẹ̀lú orúnkún gbọọrọ, kí ẹ tún ṣe é pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀. Èjìká àti àyà, ohun tí ẹ bá ń ṣe ní jíìmù tẹ́lẹ̀ ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: báàgì lẹ́yìn

Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù rìn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ara yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni kìlò 80 yóò gbé mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹ máa fi kìlò kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dín in kù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè sinmi. Ẹ má ṣe fi ẹrù sáré láé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò. Ẹ má fi òkúta tàbí irin sínú báàgì ní oṣù àkọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì omi ni kí ẹ fi sí i. Lítà omi kan, kìlò kan. Ẹ gbé e gun òkè, bí ẹ bá dé orí òkè kí ẹ dà á nù, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lófìfo. Ọkàn àti iṣan ti ṣiṣẹ́, orúnkún kò sì rí ìyà ìsọ̀kalẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ da ìdajì rẹ̀ nù, kí ẹ gbé ìdajì sọ̀. Ní oṣù tó ṣáájú ọdẹ, ẹ má da nǹkan kan nù. Báyìí ni orúnkún yóò ṣe kọ́ iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ ní ìdiwọ̀n tó lè gbà.

Àwa tó ń gbé nítòsí Denver, olú ìlú Colorado, kò ní àwáwí. Àtẹ̀gùn Red Rocks, gbàgede eré tó wà láàárín àpáta, wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní ìlú Manitou Springs, ní Colorado kan náà, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Incline ní àtẹ̀gùn tó lé ní 2,700, ó sì gùn sókè ní nǹkan bíi mítà 600 láàárín ìrìn tí kò tó máìlì kan. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rántí bí àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀ta-ó-lé yẹn ṣe rí lára. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ nìyí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Àwọn ará Houston àti Dallas ń kọ́? Ilẹ̀ yín tẹ́jú, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ ní àtẹ̀gùn, sísọ̀ rẹ̀ sì wúlò ju gígun un lọ. Ẹ̀rọ ìrìn inú jíìmù tí a gbé iwájú rẹ̀ sókè dára fún èémí, àmọ́ kò lè kọ́ yín ní ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ dúró, àwọn panápaná tó ń pa iná igbó ní Amẹ́ríkà ní ìdánwò kan tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń yá lò: máìlì mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 4.8, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú 45 pọ́ùn lẹ́yìn, tó jẹ́ bíi kìlò 20, láàárín ìṣẹ́jú 45, láìsáré. Ẹni tó bá ṣe é ní oṣù kẹjọ, tí orúnkún rẹ̀ kò sì wú lọ́jọ́ kejì, ó ti ní ìpìlẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ máa rin ìrìn gígùn méjì láìgbẹ́rù, tí ẹ ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn. Ìrìn jẹ́jẹ́ yìí ló ń kọ́ ọkàn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn sinmi: ìrìn ráńpẹ́, kò sí ẹrù ńlá. Agbára tí ẹ kò tíì ní nígbà náà, ẹ kò lè rí i rà mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dídé orí òkè

Ní mítà 3,000, oxygen tí ẹ ń mí nínú èémí kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹni tó wà létíkun Èkó ń mí. Ẹ dé lọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Bí ẹ bá ti ìlú tó wà nílẹ̀ wá, ẹ sun òru kan ní agbègbè Denver, tó ga tó mítà 1,600, kí ẹ tó tún gòkè. Lẹ́yìn mítà 3,000, ibi tí ẹ ó sùn kò gbọ́dọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ti àná. Ẹ dẹwọ́ ọtí. Ẹ máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín.

Orí fífọ́ tí kò le, àìlèsùn dáadáa, àìfẹ́ jẹun: ẹ dúró síbi tí ẹ wà, ẹ má gòkè sí i. Bí ènìyàn bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò dọ́gba, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, tó sì ń wúkọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń gba omi, ó lè pa á. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Oògùn acetazolamide, tó ń dènà àìsàn ibi gíga yìí, wà tí dókítà lè kọ fún yín ṣáájú.

Ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí wéré: kúlíkúlí dára lórí òkè ju púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà nínú páálí. Kò wúwo, kì í dì nínú òtútù, ó kún fún agbára. Mo máa ń po gaàrí pẹ̀lú ṣúgà àti mílíìkì ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá, omi díẹ̀ péré ló ń fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbé ẹran sọ̀

Ẹ tètè bó awọ rẹ̀ kí ẹran lè tutù. Ẹ gé e kúrò lára egungun bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á, kí ẹ fi ẹ̀rí akọ tàbí abo sílẹ̀ lára rẹ̀ bí òfin ṣe sọ. Egungun tí ẹ kò gbé, orúnkún yín ni ẹ ṣe lóore. Ẹ so ìyókù rọ̀ sábẹ́ òjìji nínú àpò aṣọ tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Lálẹ́ oṣù kẹwàá, òtútù yóò bá yín ṣọ́ ọ.

Àṣìṣe mi lọ́jọ́ yẹn ni pé mo fẹ́ dín ìrìn kù. Mo di ẹrù kìlò 38, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí mo fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, orúnkún ti lọ. Ó sàn kí ẹ di ẹrù márùn-ún kìlò 18 ju kí ẹ di ẹrù mẹ́ta kìlò 30 lọ, pàápàá bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá le. Kí ẹran tó wúwo jù wà lókè, kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín pẹ́kípẹ́kí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ tàbí tó jìnnà sí ẹ̀yìn, yóò máa fà yín sẹ́yìn. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kó gbé ẹrù, èjìká kàn ń dì í mú ni.

Kí ẹ tó sọ̀, ẹ jókòó, ẹ tú okùn bàtà, ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ wá fún okùn náà le lókè, níbi ọrùn-ẹsẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa kan orí bàtà. Ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ju ti ìgbà gígun òkè lọ, kí ẹ fi wọ́n kan ilẹ̀ níwájú kí ẹsẹ̀ tó débẹ̀. Ìṣísẹ̀ kúkúrú. Ẹ má na orúnkún gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má sọ̀ gbọọrọ bí omi, ẹ máa yà sọ́tùn-ún, kí ẹ yà sósì. Bí itan bá ti ń gbọ̀n, iṣan ti ń kọ bíréèkì nìyẹn: ẹ wá igi tó wó, ẹ gbé báàgì lé e, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ nǹkan.

Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fẹ́nìkan jẹ. Òtítọ́ ni, ìyà ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara yín kò sí lára ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi san gbèsè ẹran.

Bí oríkèé bá ń dùn

Ìrora tó ń dùn díẹ̀, tó sì lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí orúnkún bá wú láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó yí, bó bá há tí kò ká tí kò nà, tàbí bó bá ń yẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà. Fún ìgbà tí ẹ bá ṣì wà lórí òkè, ẹ fi báńdéèjì dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà lọ bí ẹ bá dùbúlẹ̀. Omi odò òkè tutù tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ tí a rì sínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìnyín.

Mo rí àwọn ọdẹ tó ń jẹ ibuprofen, oògùn ìrora, bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ nígbà tí omi bá ti tán lára, ó sì ń pa ẹnu orúnkún mọ́ ní ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìparí iṣẹ́, ẹ má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ rin ìṣẹ́jú ogún lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí omi inú oríkèé lè yí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi kúrò lọ́dọ̀ ẹrù. Lẹ́yìn náà ẹ tún gbé àpótí sẹ̀ǹtímítà 15 yẹn wá síwájú dígí, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹ sọ gìgísẹ̀ kejì kalẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orúnkún ń lọ.